Ẹ̀yìnkùlé Bàbá Ọkọ Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé, ẹ̀rín rẹ̀ ṣì ń pa mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí! Òmìnira ilẹ̀ wa, Dàhòmì, ṣì tuntun nígbà náà, èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Àjàṣẹ́, ni àfẹ́sọ́nà mi bá mú mi lọ sí Lagbé kí àwọn òbí rẹ̀ lè rí mi. Àyà mi ń já o! Wọ́n ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọ̀lẹ ni àwa ọmọ ilé-ìwé. Tí wọ́n bá kọ̀ mí, ó parí nìyẹn.

Ọdẹ ni bàbá rẹ̀. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ kí wọn tán, wọ́n gbé ìbọn kọ́ èjìká. "Mo fẹ́ yà dé ẹ̀yìnkùlé."

Èmi aláṣejù, mo fò dìde. "Bàbá, ẹ jẹ́ n bá yín gbé àpò!"

Àfẹ́sọ́nà mi wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Mo rò pé òtútù ló mú un. Ìyá rẹ̀ wo bàtà onígìgísẹ̀ pupa tí mo tìtorí wọn wọ̀. "Ìyàwó, ṣé bàtà yìí mọ ẹ̀yìnkùlé?"

"Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, Ìyá!" Bon, ẹnu mi rèé.

A kọjá ilé ìdáná. A kọjá oko àgbàdo. Mo ṣì ń gbọ́ àwọn ọkọ̀ ẹrù lójú títì Igolo. Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ wọn mọ́.

"Bàbá, ṣé a ti dé?"

"Ó kù díẹ̀, ọmọ mi. Ìgalà kì í jẹun níbi tó bá ti ń gbọ́ ariwo ọkọ̀."

Wọ́n ń lọ bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀, ewé gbígbẹ ò dún lábẹ́ wọn. Irú ẹsẹ̀ wo nìyẹn! Èmi ń dún pàkà-pàkà lẹ́yìn bí ewúrẹ́ tó kó sáàárín abọ́. Nínú ẹrọ̀fọ̀ kan, gìgísẹ̀ mi kán. Mo bọ́ bàtà méjèèjì, mo jù wọ́n sínú àpò ọdẹ.

A bá àgbẹ̀ kan tó ń kọ ebè. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o! Dàhòmì ńkọ́?"

Mo yíjú sí Bàbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "A ti wọ Nàìjíríà, ọmọ mi."

Mon Dieu! Ẹ̀yìnkùlé tó dé ìlú onílùú, tí aṣọ́bodè kankan ò rí wa!

Lójijì Bàbá gbọ́wọ́ sókè. Ìgalà kan dúró lábẹ́ igi, ara rẹ̀ ń dán yinrin. Ẹnu mi là: "Haa, ó mà lẹ́wà o!"

Fìrì! Kò sí ìgalà mọ́.

Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Gbogbo ìrìn yẹn, ẹnu mi ló bà á jẹ́. Mo ti ń rí ara mi tí mò ń dá nìkan padà sí Àjàṣẹ́. Bàbá kàn ní, "Òótọ́ lo sọ, ó lẹ́wà," wọ́n sì kọjú sí ọ̀nà ilé.

Ìyá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Kí lẹ pa?"

Bàbá kọwọ́ bọ àpò, wọ́n fa bàtà pupa kan yọ. "Èyí ni. Ìgalà sá. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ò sá."

Ìyá wo ẹsẹ̀ mi, ẹrẹ̀ dé orúnkún. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n lọ gbé omi gbígbóná wá fúnra wọn. "Ìyàwó mi, wá fọ ẹsẹ̀."

Ìyàwó mi, ẹ gbọ́?

Mo ti kọ́gbọ́n ṣá. Ọdẹ kì í pariwo ibi tó ń lọ. Tó bá ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ bi í pé ẹ̀yìnkùlé ìlú wo. Láàárọ̀ àná, Bàbá tún ní ká jọ yà dé ẹ̀yìnkùlé. Kí wọ́n tó sọ ọ́ tán, mo ti bọ́ bàtà.