Ẹ̀gbọ́n Àwọn Lékèélékèé

Ẹ bá mi kí Fájẹ́misìn ará Ìpótì. Ẹ tètè kí i o, torí bí ẹ bá pẹ́, yóò kí ara rẹ̀. Abìrìn-ẹ̀yẹ! Aláṣọ-funfun-má-jókòó-sílẹ̀! Fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ wọ̀nyí, kò yá ọ̀kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ogun Kírìjì ti kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ sí bùdó nígbà náà, olórí àdúgbò sì ti kú láti ọdún tó kọjá. Àwọn àgbà ń wo ojú Fáṣuyì fún oyè náà, àgbẹ̀ jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Fájẹ́misìn náà ń fẹ́ oyè yìí. Ó ń fẹ́ ẹ débi pé oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́, àfi tó bá jẹ́ iyán.

Ó ní màlúù kan ṣoṣo, abo dúdú kúkúrú kan tí ń jẹ́ Dúdúyẹmí. Láràárọ̀ ló ń fà á lọ jẹko ní pápá tó wà lẹ́yìn àkùrọ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, àwọn lékèélékèé dé. Bí Dúdúyẹmí bá gbẹ́sẹ̀, tata á fò nínú koríko, ẹyẹ á ṣà á jẹ. Bó bá dúró, ẹyẹ á gun ẹ̀yìn rẹ̀, á máa yọ eégbọn ara rẹ̀. Ara tu màlúù, ikùn ẹyẹ yó. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, àfi ẹni tó di okùn màlúù mú.

Fájẹ́misìn wo aṣọ rẹ̀ tó funfun, ó wo àwọn ẹyẹ tó yí i ká. Háà! Ṣé èmi kọ́ ni wọ́n ń kí báyìí?

Àwọn ọmọdé ló máa ń na ìka sí lékèélékèé, tí wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó fún àwọn ní èékánná funfun. Fájẹ́misìn kò bẹ ẹyẹ kankan. Ó kàn jí lọ́jọ́ kan, ó rí àmì funfun méjì lórí èékánná àtàǹpàkò rẹ̀, ló bá figbe ta.

"Àpọ̀kẹ́! Wá wo nǹkan!"

"Uṣu mi wà lórí uná," ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

"Fi uṣu sílẹ̀! Àwọn ẹyẹ ti yàn mí. Wo èékánná mi! Wọ́n ti fi mí ṣe ẹ̀gbọ́n."

Àpọ̀kẹ́ wo èékánná, ó wo ojú ọkọ rẹ̀. "Bàbá Fúnmiọlá, eégbọn ni wọ́n ń wá. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n."

"Ìlara nìyẹn."

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ fi lékèélékèé ṣe?"

Fájẹ́misìn kọ etí ikún sí i, ó gba ilé Fákọ̀yà lọ, níbi tí àwọn àgbà ti ń jíròrò ọ̀rọ̀ oyè.

"Ẹ̀yin bàbá wa, kí lẹ̀ ń da ara yín láàmú sí? Ẹ jẹ́ kí ẹyẹ bá wa yàn. Ẹ wá sí pápá lọ́jọ́ ọjà. Ẹni tí lékèélékèé bá yí ká, kí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún un."

Fákọ̀yà, tó dàgbà jù lọ níbẹ̀, fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Kí la ó jẹ níbẹ̀?"

"Màlúù ni mo máa pa!"

"Màlúù wo?"

"Mélòó ni mo ní, bàbá?"

Àwọn àgbà wo ara wọn. Fákọ̀yà wúkọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti yé e kedere, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti fẹnu kan ẹran màlúù kẹ́yìn. "Ó dára," ó ní. "A ń bọ̀."

Àpọ̀kẹ́ bẹ ọkọ rẹ̀ títí. "Ẹ pa ewúrẹ́. Ẹ pa méjì tó bá wù yín. Ṣé ẹni tó ń pe ẹyẹ wá lẹ fẹ́ pa?"

"Ta ló ń fi ewúrẹ́ joyè?" Fájẹ́misìn bú sẹ́rìn-ín. Àánú Dúdúyẹmí ṣe Àpọ̀kẹ́, ó bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ ọjà, gbogbo àdúgbò ti jẹ màlúù tán kí oòrùn tó mú. Fájẹ́misìn wọ aṣọ funfun tuntun, ó dúró láàárín pápá, ó na apá méjèèjì. Àwọn lékèélékèé yọ láti ọ̀nà Ìjerò, wọ́n yí po lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ̀yin àbúrò mi," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "èmi rèé."

Wọ́n fò kọjá. Etí àkùrọ̀ ni wọ́n bà sí, níbi tí ẹlẹ́dẹ̀ Yèyé Àjíkẹ́, opó àdúgbò, ti ń fi imú tú ẹrẹ̀, tí kòkòrò ń jáde. Wọ́n yí i ká. Ọ̀kan tiẹ̀ gun ẹ̀yìn rẹ̀.

Fájẹ́misìn sáré tẹ̀ lé wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú gbì sínú ẹrẹ̀. Àwọn ẹyẹ fò díẹ̀, wọ́n tún padà sọ́dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀.

"Ẹ dọ̀bálẹ̀ o!" ẹnì kan kígbe láàárín èrò. "Olórí àdúgbò ti dé!"

"Ẹ má fi ẹlẹ́dẹ̀ mi joyè o!" Yèyé Àjíkẹ́ figbe bọnu. "Ọmọ mẹ́fà ló ń tọ́ lọ́wọ́!"

Ẹ̀rín pa àwọn ènìyàn débi pé àwọn mìíràn jókòó sílẹ̀. Fákọ̀yà ní kí wọ́n lọ pe Fáṣuyì wá láti oko, kó wá gba oyè rẹ̀.

"Bàbá, láràárọ̀ ni wọ́n ń wá!" Fájẹ́misìn ń ráhùn nínú ẹrẹ̀. "Kí ló dé tí wọn ò wá lónìí?"

"Wọ́n wá," ni Fákọ̀yà wí. "Wọn ò bá ẹni tí wọ́n ń wá nílé ni." Ó fọwọ́ gbá ikùn ara rẹ̀ pẹ́pẹ́.

Fájẹ́misìn wo ẹnu àwọn ará àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rá ń dán létè gbogbo wọn. Ó rọra fọwọ́ nu ẹnu tirẹ̀, ó wo ọwọ́ náà. Ọ̀rá wà níbẹ̀ pẹ̀lú.