Bọ́tìnnì Tó Wà Lápá Òsì

Ní Basin, ní Ìlọrin, oòrùn ti ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àlàájì Àríyọ̀ jókòó ti kọ̀ǹpútà nínú pálọ̀, ìka ìtọ́ka ọ̀tún rẹ̀ nà ṣánṣán bí ẹni tó fẹ́ ka ẹ̀sùn síni lẹ́sẹ̀. Bí wọ́n bá kírun Aláásàrì tán, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò máa yan akọ̀wé, Àlàájì sì ti búra níwájú wọn pé òun fúnra òun ni òun máa tẹ ọ̀rọ̀ tí òun máa kà, ọwọ́ ẹlòmíì kò ní kàn án. Hadiyyah, ọmọ àbúrò rẹ̀ tí òun ló tọ́ dàgbà, jókòó sí ọ̀tún rẹ̀. Ó gboyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, kò sì tíì ríṣẹ́. Ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan.

"Hadiyyah."

"Bàbá."

"Wo ibí yìí. Mo kọ 'Ànábì wa Muhammadu'. Ó ku àmì yẹn, èyí tí wọ́n máa ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn, kékeré, roboto. Hàrúnà tí a jọ ń du ipò fi í sínú tiẹ̀."

"Ẹ tẹ F, D, F, A."

Àlàájì tẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀, nítorí ó ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó já.

"Fdfa," ni ó kà. "Kí ni fdfa ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Ànábì?"

"Kò tíì parí. Ẹ fi ọwọ́ òsì di Alt mọ́lẹ̀, ẹ má tú u sílẹ̀, kí ẹ wá fi ọ̀tún tẹ X. Á yí padà di àmì náà."

Ìka Àlàájì dúró sójú òfuurufú.

"Ọwọ́ wo?"

"Òsì."

"Fún orúkọ Ànábì?"

"Fún Alt, Bàbá."

"Ìwọ ọmọ yìí. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ànábì wá ni kí n fi òsì júwe?"

"Ẹ lè fi ìka méjì ọwọ́ ọ̀tún ṣe é. Àtàǹpàkò níbí, ìka ìtọ́ka níbẹ̀un."

"Ìka kan ni mo fi ń jẹ́rìí sí Ọlọ́run. Ìka kan náà ló máa tẹ̀wé."

"Bí ẹ bá ṣe fẹ́."

"Ṣé wọn ò ṣe irú ẹ̀ sápá ọ̀tún ni?"

"Wọ́n ṣe é. Tíì tí ẹ dà sí i ló pa á."

Àlàájì wo bọ́tìnnì náà. Ṣúgà ṣì wà lára rẹ̀. Ó padà sápá òsì, ó fi ìka ẹ̀rí tẹ Alt, ó gbé ìka. Ó tẹ X, ó gbé ìka. Kọ̀ǹpútà dún tín. Fdfa kò mira.

"Ó gbọ́ mi," ni Àlàájì wí. "Kò kàn fẹ́ ṣe é ni."

"Ó ń dúró kí ẹ tẹ méjèèjì pa pọ̀."

"Ta ló ní kí wọ́n kó gbogbo bọ́tìnnì tó lágbára sápá òsì?"

"Èmi kọ́, Bàbá."

"Ìwọ gan-an ńkọ́? Tí kì í bá ṣe tèmi, òsì lo ì bá ṣì máa fi jẹun. Ṣé o rántí? Ọmọ ọdún mẹ́fà, o fi òsì gbé omi fún mi, níwájú àlejò!"

"Mo rántí."

"Mo fi ọ̀já dè é mọ́ ọ lẹ́yìn títí ọdún fi yí po."

"Mo rántí ọ̀já náà. Aláwọ̀ ewé ni."

"Ó sì fi ọ́ sílẹ̀ pátápátá. Àlùbáríkà ni."

Hadiyyah wo ọwọ́ òsì rẹ̀ lórí itan.

"Ẹ ti tọ́jú ohun tí ẹ kọ pa mọ́?" ni ó béèrè.

"Ó tó ìgbà mélòó! Ctrl àti S, bí o ṣe kọ́ mi lánàá. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti pa á mọ́."

Hadiyyah wo ìsàlẹ̀ ìwé. Lẹ́yìn 'Kí Ọlọ́run fún wa ní àlàáfíà', s mẹ́fà tò tẹ̀léra wọn.

"Kò pa mọ́, Bàbá. S mẹ́fà lẹ kọ."

"Ṣé mẹ́fà ò tó ni?"

"Bí iná bá lọ, gbogbo rẹ̀ á lọ."

Ojú Àlàájì là. "Jẹ́ ká yára ṣe ẹ̀dà ẹ̀ síbòmíì nígbà náà, kó má lọ sọnù."

"Ẹ fi ìka fà á látòkè dé ìsàlẹ̀, kí gbogbo ẹ̀ di búlúù. Ó ti dára. Ó wá ku Ctrl àti C. Pa pọ̀."

"Pa pọ̀," ni Àlàájì tún sọ, bí ẹni tó ń gba ẹ̀kọ́. Ó tẹ Ctrl, ó gbé ìka. Ó tẹ C.

Ojú ìwé funfun báláú. Lókè pátápátá, lẹ́tà kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀: c.

Ní mọ́sálásí ẹ̀yìn ilé, ládàánì ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́.

"Hadiyyah."

"Bàbá."

"Ọ̀rọ̀ mi dà?"

"Ó ti di c."

"Ojú ìwé mẹ́ta! Láti ọjọ́ Jímọ̀!"

"C kan ni báyìí."

"Ṣé ó ti kú?"

"Kò kú. Ctrl àti Z á dá a padà. Pa pọ̀."

Àlàájì tẹ Ctrl, ó gbé ìka, ó tẹ Z. Ó tún un ṣe, ó fi agbára sí i. Ojú ìwé wá di: czz.

"Ó ń pọ̀ sí i," ni Hadiyyah wí.

Ọ̀nà mẹ́rin ni Hadiyyah mọ̀ tí a lè gbà dá ọ̀rọ̀ náà padà láìlo ọwọ́ òsì. Ẹnikẹ́ni kò bi í.

Àlàájì ṣí fìlà, ó fi nu iwájú orí.

"Bá mi tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ ti búra."

"Mo búra pé ọwọ́ ẹlòmíì ò ní kàn án." Ó ronú díẹ̀, ojú rẹ̀ sì rọ̀. "Ṣùgbọ́n ọ̀tún là ń pè lọ́wọ́. Ohun tí a bá fi òsì ṣe, ta ní ń kà á? Fi òsì rẹ bá mi tẹ̀ ẹ́, Hadiyyah. Òsì ò lè ba ìbúra jẹ́."

"Òsì mi?"

"Òsì rẹ. Kíá, kí wọ́n tó pèrun."

Hadiyyah gbé ọwọ́ náà sókè, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó dá a padà sórí itan.

"Kò mọ iṣẹ́ kankan, Bàbá. Ẹ ti lé e kúrò níṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà."

Ládàánì bẹ̀rẹ̀ sí í pèrun.

"Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Hàrúnà á fi mí ṣẹ̀sín títí n ó fi kú. Ọ̀nà míì ò sí ni?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó béèrè.

"Ó wà. Ẹ tẹ Shift, èyí tó wà lápá ọ̀tún. Ìka kan. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún."

Àlàájì tẹ̀ ẹ́. Àpótí kékeré kan yọ sójú kọ̀ǹpútà, ó ń béèrè bóyá kí òun máa gba bọ́tìnnì méjì lẹ́yìn ara wọn.

"Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dáa. Ẹ tẹ Ctrl, kí ẹ gbé ìka. Kí ẹ wá tẹ Z."

"Lọ́kọ̀ọ̀kan?"

"Lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa tún un ṣe."

Z lọ. Z kejì lọ. C lọ. Ojú ìwé mẹ́ta já wọlé padà, tòun ti s mẹ́fà rẹ̀. Àlàájì tẹ Ctrl, ó tẹ S. S keje kò yọ. Ó sáré padà sókè, sẹ́yìn fdfa, ó tẹ Alt, ó tẹ X. Fdfa parẹ́. Àmì náà jókòó sáyè rẹ̀, kékeré, roboto: ﷺ.

"Súbúhánàlláhì! Ìka kan! Ìka kan péré!" Ó ti dìde, ó ti ń wá bàtà, kí ojú rẹ̀ tó yí padà. "Dúró ná. Láti ìgbà wo lo ti mọ èyí?"

"Láti ọdún kìíní ní yunifásítì. Òun ni mo ń lò."

"O wá ń wò mí níran láti àárọ̀?"

"Àwọn tí ọwọ́ wọn kan ò ṣiṣẹ́ ni wọ́n ṣe é fún, Bàbá," ni Hadiyyah wí. "N kò mọ̀ pé ọ̀kan lára wa ni yín."