Rìwáyà Tó Bọ̀wọ̀ fún Bátìrì

Ẹjọ́ ọkọ̀ kan délẹ̀ lánàá láàfin Baálẹ̀ wa, lọ́nà Ọ̀rà, ó sì mú kí Ọlájídé rìwáyà máa làágùn bí ẹni tó ru kòkó tútù. Ó ti lé lógún ọdún tí ọ̀gá rẹ̀ ti fún un ní òmìnira iṣẹ́ wáyà mọ́tò, tó sì ti kọ "Ẹnjiníà Àgbà" sára ṣọ́ọ̀bù. Olùpẹ̀jọ́ ní kí Baálẹ̀ gba òmìnira náà padà.

Olùpẹ̀jọ́ ọ̀hún ni Alàgbà Obed Bámgbóyè, tó ra ọkọ̀ tó ń fi epo àti iná mọ̀nàmọ́ná rìn, tó sì máa ń yọ́ wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì bí ológbò kí gbogbo ìjọ lè béèrè bóyá ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀.

"Bátìrì kékeré tó wà ní búùtù ló kú, Baba. Mo ní kó wá pààrọ̀ ẹ̀ lọ́gbà ṣọ́ọ̀ṣì. Bó ṣe so wáyà báyìí, páà! Dáṣíbọ́ọ̀dù ò tàn mọ́, fèrè ò dún."

"Ọlájídé, kí lo ṣe fún ọkọ̀?" Baálẹ̀ béèrè.

"Mo bọ̀wọ̀ fún un ni, Baba."

Ìgbìmọ̀ wo ara wọn.

"Apá òsì ni wọ́n ní kí n fi wáyà pupa sí. Ọkọ̀ Alàgbà! Ta ní í fọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan? Mo bá fi sí apá ọ̀tún."

"O ò rí àmì ìròpọ̀ lápá òsì ni?"

"Mo rí i. Mo ṣe bí Alàgbà ló ya àgbélébùú sí i."

"Nígbà tó wá dún páà ńkọ́?"

"Mo wá kábúrétọ̀ kí n fọ̀ ọ́, n ò rí. Wọ́n ti jí i, Baba. Inú ìjọ yẹn lolè wà."

Alàgbà fò dìde. "Ọkọ̀ mi ò ní kábúrétọ̀!"

"Ẹ gbọ́? Òun náà mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ mọ́!"

Wọ́n pe Òjó ọlọ́kadà. "Ojú mi ló ṣe. Èéfín bo gbogbo ọgbà."

"Èéfín wo?" Ìyá Ọpẹ́yẹmí tí ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì dá a lóhùn. "Kò sí èéfín kankan. Òjó ti sá dé Ìlá kí páà tó dún tán."

"Ẹsẹ̀ mi ló sá, Màmá. Ojú mi ò kúrò níbẹ̀."

Oyèbísí ló kù, ọmọbìnrin tí ń tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ní Ìlá. Ó ti fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò.

"Wọ́n so wáyà lódì, Baba. Fíúsì ńlá ló jó. Tí a bá pààrọ̀ ẹ̀, a ó mọ̀ bóyá nǹkan mìíràn bà jẹ́."

"Ìwọ ọmọ yìí!" Ọlájídé jágbe. "Ìgbà wo lo gba òmìnira?"

"Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n mo mọ ìròpọ̀ yàtọ̀ sí àgbélébùú."

Baálẹ̀ wúkọ́.

"Ọlájídé, ìtẹríba rẹ pọ̀ ju ìmọ̀ rẹ lọ, kò sì yẹ kó ṣòfò. A gba òmìnira rẹ padà. Láti ọ̀la, ọmọ iṣẹ́ Oyèbísí ni ọ́ fún ọdún méjì. Ìwọ ni wàá máa gbá ṣọ́ọ̀bù. Alàgbà, ẹ mọ̀ pé Oyèbísí wà ní Ìlá, ẹ gbé ọkọ̀ fún ẹni tó kàn ń bọ̀wọ̀ fún yín. Títí ọkọ̀ yóò fi dìde, àárín èrò méjì lórí ọ̀kadà Òjó lẹ ó máa jókòó lọ ṣọ́ọ̀ṣì."

Alàgbà pariwo. Ọlájídé ò tiẹ̀ gbọ́. Ó wo ojú ìgbìmọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò rí olùgbàlà. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta náà yíjú sí Oyèbísí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi. Aago mélòó lẹ máa ń ṣílẹ̀kùn?"