Epìyà Ni Wọ́n Fi Sí Ìkáwọ́ Àyúbà

Ọ̀sán gangan ni Àyúbà apẹja fẹsẹ̀ rìn láti etí odò Bàrígà wá sí ilé Alága Ìbíyẹmí ní Ṣómólú. Kò jẹun kúrò nílé, nítorí kò sóhun tí ì bá jẹ. Ó bá Alága lójúde lórí àga, tó wọ gbérí ọdẹ bí ẹni tó fẹ́ wọgbó, bẹ́ẹ̀ igbó tó sún mọ́ ọn jù lọ kò ju koríko ẹ̀yìn ilé Adébùnmí aládùúgbò rẹ̀ lọ. Ìkòkò kan ń hó lórí sítóòfù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ káàsán o, Alága."

"Àyúbà! Alábòójútó epìyà! Àwọn ẹja wa ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa. Èmi ni mi ò wà dáadáa."

"Kí ló dé?"

"Epìyà yìí náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á padà."

Alága gbéra jókòó dáadáa. Kò sóhun tó dùn mọ́ ọn bíi kó máa ṣàlàyé nǹkan fẹ́ni tó wà lórí ìdúró.

"Kí ni orúkọ ẹgbẹ́ wa?"

"Ẹgbẹ́ Ọdẹ àti Apẹja Ṣómólú pẹ̀lú Bàrígà."

"Kí niṣẹ́ wa?"

"Ká pẹran, ká pẹja."

"Láyé ológun nìyẹn! Ìjọba alágbádá ti dé, ká dá wọn sí niṣẹ́ wa báyìí. Olúkúlùkù mú ẹ̀dá kan, ó sì fẹnu kan irin pé òun ò ní pa á mọ́ láéláé. Èmi mú erin. Akọ̀wé mú kìnnìún. Ìyá Sabina akápò mú àbùùbùtán."

"Ìyá Sabina tó ń ta ìwọ̀? Níbo ló ti mọ àbùùbùtán?"

"Nínú Bíbélì. Ó ní àánú ẹ̀ ti ń ṣe òun tipẹ́, látìgbà tí Jónà ti há a lọ́fun."

"Ẹ ò rí i, Alága? Gbogbo yín lẹ mú ohun tí ẹ ò lè rí pa. Èyí tó ń bọ́ mi lẹ wá dì lé mi lọ́wọ́."

"Nígbà tí à ń pín in, ìwọ lo ò sí níjòókòó."

"Ta ni ò jẹ́ kí n jókòó? Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí n wà lẹ́yìnkùlé, kí n máa dín ẹja fún ìpàdé?"

"Òótọ́ ni."

"Ẹja wo?"

Alága yọjú wo ìkòkò rẹ̀, ó tún mójú kúrò. "Epìyà. Ó sì sanra dáadáa. À ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ la fi dìbò."

"Ẹ ń jẹ epìyà mi, ẹ ń dìbò pé mi ò gbọdọ̀ pa epìyà mọ́?"

"Adùn ẹ̀ gan-an ló jẹ́ ká mọ̀ pé ó yẹ ká tọ́jú ẹ̀."

"Ẹ dìbò lé mi lórí nígbà tí mi ò sí níbẹ̀?"

"Dẹmọkírésì gan-an nìyẹn, Àyúbà! Láyé ológun, wọn ì bá tiẹ̀ má dìbò."

"Alága, mi ò mọ̀ pé mò ń búra o. Ẹ pè mí wọlé, ẹ na àdá sí mi, ẹ ní kí n fẹnu kàn án. Àdá yẹn náà ni mo fi gé ẹja. Mo rò pé ẹ ní kí n tọ́ ọ wò bóyá iyọ̀ ẹ̀ tó ni."

"Irin ò mọ ohun tó o rò."

"Ọmọ Mùsùlùmí ni mí!"

"Irin ò bi ọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Àyúbà wọra. Kò fẹ́ràn irin, ṣùgbọ́n bàbá bàbá rẹ̀ bẹ̀rù rẹ̀, ìbẹ̀rù náà sì wà lára òun náà. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ì bá ti padà sódò láti ọjọ́ yìí.

"Àwọ̀n mi ti gbẹ lórí ọgbà, Alága. Hameedat ọmọ mi ń bi mí bóyá ara mi ò yá ni. Kí ni kí n máa bọ́ wọn?"

"Pa ẹja mìíràn."

"Àwọ̀n kì í ṣa ẹja. Bí mo bá jù ú báyìí, epìyà ló ń kọ́kọ́ wọlé, àfi bíi pé wọ́n gbọ́ pé mo ti búra. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀. Ẹ gbé erin fún mi."

"Erin! O rò pé iṣẹ́ kékeré ni? Láti ìgbà tí mo ti gbà á, ṣé o gbọ́ pé wọ́n pa erin kankan ní Bàrígà?"

"Rárá."

"Ní Ṣómólú ńkọ́?"

"Rárá."

"Ta ló ṣiṣẹ́ yẹn?"

"Ẹ tiẹ̀ ti rí erin rí, Alága?"

"Léraléra! Lára àpò sìmẹ́ǹtì." Alága rẹ ohùn sílẹ̀. "Èrè ẹ̀ náà sì ń bọ̀. Wọ́n ní ọkùnrin kan ń ta ẹ̀gbà eyín erin ní Fádèyí. Ìdí nìyẹn tí mo fi dá òfin yẹn, tí gbogbo wa fẹnu kan irin lé lórí: níbi tí alábòójútó bá ti rí ẹ̀dá ìkáwọ́ rẹ̀, kó gbà á, kó máa gbé e lọ. Ìbáà wà láàyè, ìbáà ti kú, ìbáà ti di sísè."

"Sísè náà?"

"Mo fìyẹn kún un kí òfin lè kún ni."

Àyúbà gbé imú sókè. Látìgbà tó ti dé ni òórùn kan ti ń pè é, ebi ni ò jẹ́ kó dá a mọ̀.

"Alága, kí ló ń hó lórí sítóòfù yìí?"

"Ọbẹ̀."

"Ọbẹ̀ kí ni?"

"Ọbẹ̀ ata."

"Kí ló wà nínú ata?"

"Omi."

Àyúbà ṣí ìkòkò. Àwọn epìyà ńláńlá sùn gbalaja nínú ata, orí ọ̀kan tiẹ̀ yọ síta.

Alága pariwo: "Tabitha ìyàwó mi ló rà á!"

"Òfin ò bèèrè ẹni tó rà á."

"Ó ti kú kó tó débí!"

"Ìbáà ti kú."

"Ó ti jinná!"

"Ìbáà ti di sísè."

"Àyúbà, nítorí erin ni mo ṣe dá òfin yẹn!"

"Irin ò mọ ohun tí ẹ rò, Alága."

Alága dìde fùú. "Màá yí òfin náà padà! Lónìí yìí!"

"Àfi ìpàdé. Ẹ ṣáà ní ayé ológun ti lọ."

Àyúbà ṣí fìlà, ó fi di ìkòkò mú, ó gbé e kúrò lórí iná. Inú rẹ̀ dùn, kò fi pa mọ́, ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ọ̀bọ̀ọ̀.

"Ibo lò ń gbé e lọ?"

"Ọ̀dọ̀ Hameedat. Tó bá dọ̀la, mo di ilé Ìyá Sabina, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Ọ̀tunla, ilé akọ̀wé. Mi ò tún ní ju àwọ̀n mọ́, Alága. Mo ti rí i báyìí pé iṣẹ́ gidi lẹ gbé fún mi."

"Ẹ̀bà mi ti wà nílẹ̀! Kí ni kí n wá fi jẹ ẹ́?"

Àyúbà ti dé ẹnu géètì. Ó yíjú padà, ó tẹrí ba bó ṣe yẹ fún àgbà, ọbẹ̀ ò sì dànù.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Alága. Ìkòkò tí mo bá ti bá erin nínú ẹ̀, kíá ni màá ránṣẹ́ pè yín."