Ọ̀jọ̀gbọ́n Ewé àti Ìkòkò Mẹ́ta

Ẹ bá mi kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ewé! Àwa tá a jọ ń kọ́ṣẹ́ ọ̀gbìn òdòdó la fi àwàdà sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ṣùgbọ́n bàbá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Kò tíì ṣèdánwò tó ti lọ tẹ káàdì: "Ọ̀jọ̀gbọ́n Ewé, Aláṣẹ Gbogbo Ohun Tó Ń Hù." Ó fún mi ní mẹ́rin. Mo ní kí ni kí n fi mẹ́rin ṣe, ó ní kí n pín in fáwọn ará ilé mi.

Tó bá di ká ka ìwé, háà, ẹ fi í sílẹ̀! Ó mọ orúkọ ewé tí ewé fúnra ẹ̀ ò mọ̀ pé òun ń jẹ́. Ṣùgbọ́n kó fọwọ́ kan ilẹ̀? Láéláé. Bàtà funfun ló ń wọ̀ wá sọ́gbà.

Lọ́jọ́ tí olùkọ́ wa kọ́kọ́ kó wa lọ sídìí ìkòkò òdòdó, abẹ́ ibòji ni Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró sí, tó ń nu bàtà.

"Ọ̀gá, ẹ ò wá wò ó ni?" mo bi í.

"Iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn. Orí lèmi fi ń ṣe tèmi."

Ọjọ́ yẹn gan-an lolùkọ́ sọ fún wa pé lọ́jọ́ ìdánwò, òun á dojú ìkòkò kọ̀ọ̀kan délẹ̀, òun á wo gbòǹgbò.

Ìdánwò ọ̀hún ò le: gé ẹ̀ka òdòdó, gbìn ín sí ìkòkò mẹ́ta, tọ́jú ẹ̀ fọ́sẹ̀ mẹ́fà. Ẹni tó bá ṣe dáadáa jù ni wọ́n máa fi ṣe olórí ọgbà ìlú. Ìyá Agbálẹ̀, tó ti ń gbálẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa fọ́dún mọ́kànlá, tó tún ń bá wa kọ́ṣẹ́, fẹ́ràn iṣẹ́ yìí débi pé ẹnu wọn ò lè sọ ọ́. Àràárọ̀ ni wọ́n ń pọnmi.

"Ìyá, ẹ má da ara yín láàmú," Ọ̀jọ̀gbọ́n ní. "Tí mo bá dépò, ẹ̀yin náà lẹ máa gbá ọgbà mi."

"Ẹ ṣé o, ọ̀gá," màmá dáhùn, wọ́n ń bomi rin tiwọn lọ.

Ìkòkò Ọ̀jọ̀gbọ́n gbẹ táútáú títí ọ̀sẹ̀ kẹfà fi pé. Àfi bó ṣe dé lọ́jọ́ ìdánwò pẹ̀lú ìkòkò mẹ́ta tó faṣọ bò! Ó tún mú ìyá ìyàwó ẹ̀ dání, ó gbé àga iwájú fún wọn.

"Mọ́mì, ẹ jókòó síbí kẹ́ ẹ lè rí iyì mi."

"Inú mi ò dùn, àna mi. Ewúrẹ́ aládùúgbò tún jẹ òdòdó mi láàárọ̀ yìí. Bí ìgbà téèyàn fọ̀bẹ gé e!"

"Ẹranko burúkú! Màá bá olówó ẹ̀ jà."

Ìgbà tó kàn án, ó ṣí aṣọ. Òdòdó pupa fòò yọ síta! A pàtẹ́wọ́. Mọ́mì na ọrùn síwájú.

"Ọ̀sẹ̀ mélòó?" olùkọ́ bi í.

"Mẹ́fà géérégé. Mo máa ń kí wọn láàárọ̀."

Olùkọ́ dojú ìkòkò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta délẹ̀, ó gbá ìdí wọn pá, pá. Iyanrìn dà wàràwàrà, ẹ̀ka mẹ́ta já bọ́ sórí bàtà funfun. Ojú ibi tí wọ́n ti gé wọn ṣì tutù.

"Gbòǹgbò dà?"

"Ẹ̀yà… ẹ̀yà tí kì í ní gbòǹgbò ni, mà."

"Kí ni wọ́n ń pè é?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọ gbogbo orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í nu iyanrìn kúrò lára bàtà. Mọ́mì ti dìde, wọ́n mú ẹ̀ka kan nílẹ̀.

"Okùn tí mo fọwọ́ ara mi so mọ́ òdòdó mi rèé! Áà, àna mi! Ẹ̀yin lewúrẹ́ náà?"

Ẹnì kan ké "mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" lẹ́yìn. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Olùkọ́ kọjá sídìí ìkòkò Ìyá Agbálẹ̀. Ó dojú ẹ̀ délẹ̀: gbòǹgbò funfun lọ́ mọ́ra wọn gbágbáágbá. Olùkọ́ bọ màmá lọ́wọ́, ó pè wọ́n ní olórí ọgbà. Màmá ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, síbẹ̀ wọ́n na ọwọ́ sí ìgbálẹ̀ nítorí iyanrìn tó wà nílẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀, màmá," olùkọ́ ní. "Ẹni tó ni ín á gbá a."

Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ méjèèjì kó iyanrìn.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Mọ́mì padà jókòó sórí àga iwájú, wọ́n fẹ̀yìn tì.

"Ẹ gbá a tán ná, àna mi. Iyì yín ni mo wá wò."