Aṣọ Yẹ́lò Tó Fẹ́ Da Ìgbéyàwó Rú

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá, ó le débi pé Kóòṣì Otis Fondren gẹ irùngbọ̀n oníbàárà dé ìdajì, ó fi abẹ sílẹ̀. Ààfin wa ní ìlú kékeré yìí ní Alabama, ilé ìgẹrun Kóòṣì ni. Òun ló kọ́ gbogbo ọkùnrin ìlú ní bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbé kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹjọ́ tó bá dá, adájọ́ gidi ò jẹ́ yí i padà.

Wendell Pruitt, rẹfirí tó máa ń ju aṣọ yẹ́lò sílẹ̀ tí ẹnì kan bá rú òfin eré, dúró, ó di fìlà mú gírígírí. Látọjọ́ ìdíje àṣekágbá, kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn ní ìlú. Ìyẹn ò dùn ún tó ti Clay ọmọ rẹ̀, tó yẹ kó gbé Josie níyàwó ní Sátidé tó ń bọ̀. Nadine Crutchfield, ìyá Josie, ti ní ìgbéyàwó ò ní í wáyé mọ́.

Nadine figbe ta. "Kóòṣì, ẹ gbà mí o! Eré ti ń parí lọ, kọ́lẹ́ẹ̀jì wa gbé bọ́ọ̀lù wọlé, ife-ẹ̀yẹ ti di tiwa. Ni ọkùnrin yìí bá ju aṣọ yẹ́lò sílẹ̀! Ó ní Tucker ọmọ mi di ẹni ẹlẹ́ni mú, pé ó lòdì sófin. Wọ́n bá fagi lé ayò wa. Ṣé ilé olè ni kí n fọmọ fún?"

"Wendell, kí lo rí?"

"Kí n má purọ́, Kóòṣì, n ò rí nǹkan kan."

"O ò rí nǹkan kan, o wá ju aṣọ?"

"Mo fẹ́ sín ni, sà. Áńkáṣíìfù ni mo fẹ́ fà yọ, aṣọ yẹ́lò ló bá ọwọ́ mi jáde, ó sì já bọ́. Gbogbo pápá ti rí i! Ṣé kí n wá sọ pé ọ̀fìnkìn ló ń dà mí láàmú? Mo bá wojú ẹni tó sún mọ́ mi."

"Ó sì wá jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó ọmọ rẹ."

"Ó tóbi, sà. Òun lojú mi kọ́kọ́ rí."

"A kú oríire o," ni Kóòṣì wí. "Kí wọ́n máa san owó oṣù fún imú rẹ."

Delbert, àgbà ìgbìmọ̀ ìlú, dìde jẹ́rìí. "Mi ò gbójú kúrò lára Tucker. Kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni."

"Níbo lo wà?"

"Níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀pà sísè. Ẹ̀yìn pápá."

"Irọ́ ńlá!" ni Vonda tó ń tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wí. "Ó fọwọ́ kàn án. Ó kàn dì mọ́ ọn ni, bí Kristẹni."

"Ṣé inú ẹni tó dì mọ́ dùn?"

"Rárá. Ẹ̀wù rẹ̀ ti ya."

Kóòṣì pe Tucker. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ wọlé kí orí rẹ̀ má baà kan ìtẹ́rígbà.

"Ṣé o dì í mú?"

Tucker wojú ìyá rẹ̀, ó wolẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ti fẹ́ kọjá lára mi. Bí n ò bá dì í mú, ọsibítù ni ajubọ́ọ̀lù wa ì bá wà. Látìgbà tí eré ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń dì wọ́n mú. Ìyẹn nìkan ni wọ́n rí."

"Tucker! Ta ló bí ọ?"

"Ẹ̀yin náà ni, mà."

Kóòṣì nu abẹ rẹ̀. "Wendell, orí ló yọ ọ́, kì í ṣe ojú. Nadine, ọmọ rẹ ló jẹ̀bi, ìwọ lò ń bínú. Ìdájọ́ mi rèé: kò ní í sí ìgbéyàwó ní Sátidé yìí."

Fìlà bọ́ lọ́wọ́ Wendell. Nadine rẹ́rìn-ín.

"Sátidé àkọ́kọ́ tí sáà bọ́ọ̀lù tuntun bá bẹ̀rẹ̀ la máa ṣe é, lásìkò gan-an tí kọ́lẹ́ẹ̀jì wa bá ń wọ pápá. Gbogbo ìlú gbọ́dọ̀ wá. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú rédíò tàbí fóònù wọ ṣọ́ọ̀ṣì."

Ilé dàrú. Ní ìlú tí òkú pàápàá ń dúró di Mọ́ńdè tí bọ́ọ̀lù bá wà! Delbert ké pé, "Kóòṣì, kí la fi ṣẹ̀ yín?"

Nadine ti dìde, ó ti di Wendell lọ́wọ́ mú. "Àna mi àtàtà, Sátidé yìí náà ni o! Mo ti dáríjì, mo ti gbàgbé."

"Ẹ ṣeun, àna mi," ni Wendell wí, omi lé ròrò sí i lójú.

"Ẹyọ kan ló kù. Tí pásítọ̀ bá bi wá bóyá ẹnì kan lòdì sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sín."