Gíráàmù Méjì Tó Sá Lọ

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù kí agogo lù. Nínú yàrá sáyẹ́ǹsì, Tísà jókòó ti ìwọ̀n kékeré kan, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọ̀rẹ́ tó dalẹ̀. Ìyá agbálẹ̀ wọlé tòun ti ìgbálẹ̀.

"Tísà, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má tíì gbálẹ̀. Gíráàmù méjì sọnù."

"Ṣé ó ń dán? Mo lè ti gbá a."

"Ìwọ̀n ni, mà. Ìgò, fíníga àti sódà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì jẹ́ igba gíráàmù. Mo pò wọ́n pọ̀ tán, ó di méjìdínlúgba. Bẹ́ẹ̀ mo ti sọ fún kíláàsì pé nǹkan kàn ń yíra padà ni, ìwọ̀n rẹ̀ kì í dín. Ìṣojú wọn ló ti dín lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Áà. Ẹ̀yin ni Tísà Méjìdínlúgba."

Tísà sorí kọ́. "Ẹ ti gbọ́?"

"Ẹni tó ń ta omi lẹ́nu géètì ti gbọ́."

"Ọ̀gá àgbà ń bọ̀ wá jókòó tì wá lónìí. Tó bá tún dín, orúkọ yẹn ló máa sìn mí dé ọjọ́ ìfẹ̀yìntì."

"Bóyá eku ni."

"Eku kì í mu fíníga, mà."

"Ẹ ò mọ eku ilé ìwé yìí."

Tísà tún un ṣe lójú rẹ̀. Ó ju sódà tó fi tíṣù wé sínú ìgò oníke tí fíníga wà. Ó hó yàà. Nọ́ńbà orí ìwọ̀n ń yọ́ sọ̀ kalẹ̀: igba, mọ́kàndínlúgba, méjìdínlúgba.

"Èyí tó ń hó yẹn, kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Gáàsì ni. Ó ti bá atẹ́gùn lọ."

"Ó lọ lójú yín, ẹ tún ń wá a lórí ìwọ̀n?"

"Gáàsì lásán, mà. Kí ló fẹ́ wúwo lára ẹ̀?"

Ìyá fi ìgbálẹ̀ ti ògiri. "Sílíńdà gáàsì ilé yín, ta ló ń gbé e lọ rọ?"

"Èmi ni."

"Tí ẹ bá ń gbé e lọ ńkọ́?"

"Ó máa ń fúyẹ́."

"Tí ẹ bá ń gbé e bọ̀?"

"Ẹ̀yìn mi máa ń…" Tísà fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ kẹ́mísírì ní yunifásítì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Orí rẹ̀ ni kò tíì gbọ́.

"Ọmọrí ìgò yẹn dà?"

"Mo ti jù ú nù."

"Mo mọ̀, èmi ni mo gbá a." Ó mú un jáde látinú àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀. "Ẹni tó bá ju ọmọrí nù máa padà wá a."

Wọ́n tún bu fíníga sínú ìgò, wọ́n wọn gbogbo ẹ̀ pọ̀, tọmọrí tọmọrí: igba ó lé mẹ́ta. Sódà wọlé, Tísà dé e kíá. Ó hó, ìgò le gbandi. Igba ó lé mẹ́ta, kò mira. Tísà tú ọmọrí díẹ̀, ó dún ṣíì, nọ́ńbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

Agogo lù.

"Mà, mo máa sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Ẹ má dán an wò. Tí wọ́n bá gbọ́ pé agbálẹ̀ ló kọ́ Tísà, iyì yín á dín."

"Nǹkan kì í sọnù, mà."

"Mo ti gbọ́." Ó mú ìgbálẹ̀ rẹ̀. "Ẹ kúkú sọ fún wọn. Iyì tó bá dín lára yín, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀."